Ta Ni Yóò San Owó Iṣẹ́ Ìyá Aláró?

Bí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí bá ba ẹlòmíràn nínú yín, kí ó má bínú sí mi. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo mú kálámù, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ ní ìgboro.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ ti ń lọ sílé, màmá ọ̀kan nínú wọn wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ajégúnlẹ̀. Àdìrẹ ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ilé tí ó háyà ni ó ti ń pa á láró. Ìyá Aláró ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Owó ìdánwò WAEC ọmọ rẹ̀ ni ó bá wá: kí n jọ̀wọ́ bá òun bẹ ọ̀gá wa kí wọ́n fún òun ní àyè díẹ̀ sí i.

Mo ní, "Màmá, ṣé ọjà kò yá ni?"

Ó ní, "Tíṣà, ọjà ń yá o! Ohun tí mo bá gbé lọ sí Boundary, n kì í gbé e padà wálé. Mo ń tà á tán, n kò sì rí owó náà."

Mo bi í bóyá ó ń kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ni mo bá ní kí ọmọ rẹ̀ ṣí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, kí ìyá máa pè é, kí ọmọ máa kọ ọ́. Yáàdì 5 aṣọ funfun, ₦7,000. Aró, sódà àti kẹ́míkà, ₦1,800. Àbẹ́là tí a ń yọ́ láti tẹ àwòrán, ₦900. Gáàsì, ₦600. Omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà, ₦300. Owó kẹ̀kẹ́ Màrúwá dé ọjà, ₦400. Ọmọ náà ro ó pọ̀, ó jẹ́ ₦11,000. Èló ni màmá ń ta aṣọ náà? ₦12,000.

Mo ní, "Ọjọ́ mélòó ni ẹ fi ṣe é?" Ó ní ọjọ́ méjì. A jẹ́ pé ₦500 ni ó ń gbà lójúmọ́, lẹ́yìn tí ó ti dúró nídìí iná àti aró láti àárọ̀. Mẹ́rúwà tí ó ti ọmọlanke omi wá ti gba ₦300 tirẹ̀ kí omi tó hó.

Mo wá ní kí ọmọ kọ owó iṣẹ́ ìyá rẹ̀ sí i, ₦3,000 lójúmọ́. Inú bí màmá. Ó ní, "Tíṣà, ta ni yóò san owó fún mi nínú ilé ara mi?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè yẹn gan-an ni ó ń pa àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa. Ìdáhùn rẹ̀ kò le: ẹni tí ó ra aṣọ ni yóò san án. Bí àìsàn bá dá màmá dúbúlẹ̀ lọ́la tí ó gba ọmọbìnrin kan sí iṣẹ́, ṣé ọ̀fẹ́ ni ọmọ ọlọ́mọ yóò ṣe é?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àdìrẹ Abẹ́òkúta gbayì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣòwò ń ti Sẹ̀nẹ̀gàl àti Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí, wá rà á. Àwọn ìyá wa ń gba aṣọ funfun láwìn lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó. Nígbà tí ọjà kùtà káàkiri ayé ní àwọn ọdún 1930, ọ̀pọ̀ nínú wọn ta aṣọ ní pọ́ọ́kú kí wọ́n lè rí gbèsè san. Àwọn mìíràn yà sí sódà àti aró òyìnbó kí iṣẹ́ lè yá. Àwọn oníbàárà wá ń kùn pé aṣọ kò lágbára mọ́, títí Aláké Ladapo Ademola Kejì fi fòfin de nǹkan wọ̀nyí. Ọwọ́ àwọn obìnrin náà kò lẹ. Iye tí wọ́n ń tà á ni kò gbé wọn.

Ìyá Aláró tún ní, "Bí mo bá gbówó lé e, wọn yóò lọ ra èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀." Òótọ́ ni. Àpápá kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ sì ni ọjà òkèèrè ti ń gúnlẹ̀. Aṣọ tí ẹ̀rọ Ṣáínà tẹ àwòrán àdìrẹ sí kún ọjà. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè bá ẹ̀rọ du pọ́ọ́kú? Ohun tí a lè fi borí rẹ̀ ni ọnà tiwa. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, àwọn aládìrẹ ya ọba àti olorì sí aṣọ, wọ́n pè é ní Olóba. Wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí òmíràn, wọ́n pè é ní Ìbàdàndùn. Ẹni tí ó bá ń wá Ìbàdàndùn, orúkọ ni ó ń bèèrè, kì í bèèrè èyí tí ó pọ́ọ́kú jù.

Ìmọ̀ràn tí mo fún màmá nìyí. Èkíní, kí ó máa pa aṣọ 4 láró pọ̀ ní ọjọ́ 4, kí owó iṣẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ₦3,000 dípò ₦6,000. Èkejì, kí ó fi ₦1,000 sí i nítorí èyí tí ó bá bàjẹ́, àti ₦1,500 fún èrè. Owó iṣẹ́ ni ti ọwọ́ yín, èrè ni ti òwò, ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ó di ₦16,500. Ẹ̀kẹta, kí ó ní ọnà tí a ó fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó bá ní kí ó bá òun ṣe é, kí ó san àsansílẹ̀ tí yóò ra aṣọ funfun.

Ó ya kiréènì wọ́ọ̀fù Àpápá sí aṣọ tuntun, ó pè é ní Ajé Gúnlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó gbé aṣọ 2 padà wálé nínú 4. N kò fi bò yín, àyà mi já. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tà wọ́n. Aṣọ 4 mú ₦22,000 wọlé lórí ìnáwó rẹ̀ ní ọjọ́ 4. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 8 ni ì bá fi rí ₦4,000. Oníbàárà méjì bínú lọ, ọ̀kan ti padà. Ìdajì owó ìdánwò ti wọlé, mo ń retí ìdajì tí ó kù.

Àwọn àgbà ní, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe bàtà, tí ẹ ń rán báàgì, tí ẹ ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ẹ mú ìwé àti bírò lálẹ́ òní. Kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tí ẹ ó sanwó fún, ẹ kọ́kọ́ kọ tiyín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.