Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ẹ̀kọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ọmọ Ajégúnlẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ro ìlànà ìkọ́ni tí a ń pè ní flipped classroom, èyíinì ni kíláàsì tí a yí padà bìrí.

Ìlànà náà kò le. Àlàyé tí olùkọ́ ìbá dúró ṣe níwájú pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti gbọ́ ọ nílé; iṣẹ́ àṣetiléwá tí ì bá dá jókòó ṣe lálẹ́ ni yóò wá ṣe ní kíláàsì, lójú olùkọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Jonathan Bergmann àti Aaron Sams, olùkọ́ méjì ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ní 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í lè wá sí kíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí Creek Road, ní agbègbè Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn tírélà tí ń lọ sí èbúté ti ń tò síbẹ̀ bí ìjàlọ. Ní oṣù kejì 2021, àjọ tí ń bójú tó èbúté Nàìjíríà gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Ètò: awakọ̀ yóò kọ́kọ́ gba àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì dúró sí ibi tí a yàn títí a ó fi pè é. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò tìtorí èyí tán, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀: bí ẹnu ọ̀nà bá há, kí olúkúlùkù ti múra kí ó tó débẹ̀. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ní ẹnu ọ̀nà tí ó há. Dátà ni.

Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta 2020, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ olówó ń rí olùkọ́ rẹ̀ lórí Zoom. Ọmọ tí fóònù ìyá rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ilé kò rí i. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń sọ pé ìlànà yìí yóò túbọ̀ já ọmọ tálákà jù sílẹ̀. Òótọ́ ni, bí olùkọ́ bá ń fi fídíò gígùn ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í jẹ dátà tó kíláàsì ojúkojú wákàtí kan. Ohùn a máa dúró de ìyá kí ó ti ọjà dé. Kíláàsì ojúkojú kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Fún èdè wa, èrè rẹ̀ tún pọ̀ sí i. Igba, igbá, igbà, ìgbà: ta ni yóò ti ojú ìwé nìkan mọ ìyàtọ̀ wọn? Ọmọ tí ó wà ní Ajégúnlẹ̀ tàbí ní Peckham lè gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹwàá láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Bí ó bá wá dé kíláàsì, ẹnu rẹ̀ ni yóò fi ṣiṣẹ́, kì í ṣe etí nìkan.

Ìkìlọ̀ mi fún àwa olùkọ́ ni pé èyí kì í ṣe ọ̀nà láti sinmi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí ẹ̀kọ́ gbọ́ nílé, ẹ má lé e. Ẹ fi í ti ẹni tí ó ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ohùn ṣáájú, kí fídíò tẹ̀ lé e. Ajé ti gúnlẹ̀ sí àdúgbò yẹn lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí ìmọ̀ náà gúnlẹ̀ síbẹ̀.