Ìyẹ̀fun Pákó Ọ̀fẹ́ Kì í Ṣe Ibùsùn Ẹran

Ẹranko kékeré kan wà tí kì í ṣe àjèjì mọ́ nínú àwọn ilé kan ní Ìkẹjà. Kò ní ìrù, irun rẹ̀ múlọ́múlọ́, kì í sì í sábà gé ọmọdé jẹ. Ẹmọ́ òyìnbó ni Yorùbá ń pè é. Guinea pig ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ti ilẹ̀ Guinea wá, tí kì í sì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn ará òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ sìn ín fún jíjẹ, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ní Cameroon àti Congo, àwọn àgbẹ̀ ṣì ń sìn ín fún ẹran ọbẹ̀ títí dòní. Ní Ìkẹjà, ọmọdé ló máa ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ òbí. Òbí á ra ẹran, á ra àgò, á wá béèrè ohun tí yóò tẹ́ sínú àgò náà. Èsì tó máa ń yá lẹ́nu jù ni pé kí ó lọ bá káfíńtà àdúgbò, kí ó gba ìyẹ̀fun pákó. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀fẹ́ yìí ni ewu wà.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibùsùn tó yẹ ẹran yìí ní láti kọ́kọ́ wo bí ó ṣe ń gbé ayé. Orí ibùsùn kan náà ni ó ti ń sùn, tó ti ń jẹ, tó ti ń tọ̀, tó ti ń yàgbẹ́, tó sì ti ń bímọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní irun, ìdí nìyí tí àgò onílẹ̀ wáyà tàbí ibùsùn líle fi máa ń dá egbò sí i lẹ́sẹ̀. Imú rẹ̀ kò jìnnà sílẹ̀ rárá. Ohunkóhun tó bá ń gbéra láti inú ibùsùn, òun ni yóò kọ́kọ́ fà á símú. Bí ìtọ̀ bá pẹ́ níbẹ̀, gáàsì ammonia yóò máa jáde lára rẹ̀, yóò máa ta á lójú, yóò sì máa jẹ ọ̀nà èémí rẹ̀ títí òtútù àyà yóò fi ráyè wọlé. Ẹran tó bá ń sín, tí ojú rẹ̀ ń ṣomi, ti ń ròyìn ibùsùn rẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ìyẹ̀fun pákó ni àwọn aládìyẹ ń lò láti Agége títí dé Ìkòròdú, adìyẹ wọn kò sì kú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran kì í sábà lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ kí wọ́n tó tà á. Ẹmọ́ òyìnbó tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ. Eruku tí ẹ̀dọ̀fóró lè fara dà fún oṣù kan àbọ̀ kì í ṣe ohun tí ó lè fara dà fún ọdún mẹ́jọ. Inú yàrá ni àgò yìí sì sábà máa ń wà, níbi tí ọmọ tó ni ín ń sùn sí. Eruku kan náà ni ẹran àti ọmọ jọ ń fà símú.

Ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú eruku náà pàápàá. Àwọn ìwé ìtọ́jú tó ń ti Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà wá máa ń kìlọ̀ nípa igi kédárì àti igi páìnì tí òórùn rẹ̀ ta. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Kédárì kọ́ ni ìṣòro Ìkẹjà. Igi tí àwọn káfíńtà ibí ń rà ni ìrókò, arère, ọfun, afàrà àti àwọn mìíràn. Àwọn oníṣègùn ti mọ̀ tipẹ́ pé eruku ìrókò àti ti ọfun máa ń yọ àwọn oníṣẹ́-igi lára, ó sì máa ń dí wọn nímú. Eruku arère sì ti fa ikọ́ fée fún àwọn oníṣẹ́-igi ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1995 ni ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà fún ènìyàn.

Igi nìkan kọ́ ló wà nínú àpò tí káfíńtà ń fi tọrẹ. Púpọ̀ nínú àga àti kọ́bọ́ọ̀dù òde òní ni wọ́n fi MDF tàbí páìlíwúùdù ṣe, èyí tí wọ́n fi àlẹ̀mọ́ tó ní formaldehyde nínú lẹ̀ pọ̀. Òmíràn ni wọ́n ti fi Solignum kùn nítorí ikán. Ohun tí a fi pa ikán kò lè jẹ́ ohun tí ẹran kékeré yóò máa sùn lé, pàápàá ẹran tó máa ń jẹ nínú ibùsùn rẹ̀.

Kí ni ó wá yẹ kí onílé tẹ́? Ohun mẹ́ta ló wà nítòsí, kò sì sí ọ̀kan tó wọ́n nínú wọn. Èkíní ni èérún ìfági, èyí tó ń ká bíríkítí jáde lábẹ́ ìfági, láti ara pákó funfun tí wọn kò kùn ní nǹkan kan. Kí onílé fi asẹ́ gbọn eruku rẹ̀ dànù níta, kí ó sá a sóòrùn, kí ó tó tẹ́ ẹ nípọn tó ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èkejì ni aṣọ fleece tí wọ́n fi ń ṣe búláńkẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó pọ̀ lọ́jà òkìrìkà bíi Katangua. Aṣọ yìí kì í mu omi fúnra rẹ̀, nítorí náà tówẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ní láti wà lábẹ́ rẹ̀, ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà ni a ó sì fi fọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta ni ìwé ìròyìn àtijọ́, tí ó dára ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n tí kò tó ní òun nìkan nítorí pé ó máa ń tutù, a sì máa yọ̀. Lórí èyíkéyìí tí a bá yàn, kí koríko eéran gbígbẹ wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Oúnjẹ ni, ìbora ni, òun ló sì ń gé eyín rẹ̀ tí kì í dẹ́kun àtihù.

Síbẹ̀, ohun tí a tẹ́ kò tó ohun tí a ń pààrọ̀. Ibùsùn olówó iyebíye tó ti rin fún ọ̀sẹ̀ méjì burú ju ìwé ìròyìn tí a pààrọ̀ láàárọ̀ yìí lọ. Ooru Ìkẹjà sábà máa ń ju ọgbọ̀n digrí lọ, nígbà tí ara ẹmọ́ òyìnbó kì í sábà gba ooru tó bá kọjá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ máa ń tètè rùn. Lásìkò òjò, ibùsùn á hu èébu kí a tó mọ̀. Nítorí náà, kí a kó ibi tó rin kúrò lójoojúmọ́, kí a sì pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Inú gọ́tà kọ́ ni a ó da èyí tí a kó sí, nítorí àgbàrá Lagos kò nílò ìrànlọ́wọ́. Ìdí ẹ̀fọ́ ni kí ó lọ, tàbí inú àpò ìdọ̀tí.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ènìyàn ń sùn lábẹ́ afárá, kí ni ti ibùsùn ẹran. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, kò sì yẹ kí a fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lábẹ́ afárá kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra ẹran sínú ilé. Ẹni tó ti ẹ̀dá mọ́ àgò ti gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè sá fún èéfín jẹnẹrétọ̀, kò lè wá ibi gbígbẹ fúnra rẹ̀. Gbèsè ni èyí. Ọmọdé tó bá rí òbí rẹ̀ tó ń san gbèsè náà yóò kọ́ ohun tí ilé-ìwé kò lè fi bébà kọ́ ọ.

Ó yẹ kí àwọn tó ń ta ẹran yìí máa sọ ọ̀rọ̀ ibùsùn kí wọ́n tó gba owó. Ó sì yẹ kí àwọn káfíńtà Ìkẹjà àti Agége mọ̀ pé èérún ìfági tí wọ́n ń sun dànù lè di ọjà, bí wọ́n bá yà á sọ́tọ̀ kúrò lára MDF, tí wọ́n sì gbọn eruku rẹ̀. Òbí tó rówó ra ẹran yóò rówó ra àpò kan. Ẹni tí kò bá sì rí àyè pààrọ̀ ibùsùn, kí ó má tíì ra ẹran náà.