Ìsinmi Ìdílé Tí Kò Gba Gbèsè: Àgọ́ Pípa ní Agbègbè Tamale

Nígbà tí ọ̀wọ́n gógó bá wọ ìlú, ìsinmi ni ohun àkọ́kọ́ tí ìdílé máa ń yọ kúrò nínú ìnáwó ọdún, nítorí pé oúnjẹ, owó ilé-ìwé àti owó iná kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò afẹ́ ṣeé sún síwájú títí àwọn ọmọ yóò fi dàgbà kúrò nílé láìrìn ín. Ní orílẹ̀-èdè Ghana, ìwọ̀n ọ̀wọ́n gógó, ìyẹn ìdá tí iye owó ọjà fi gòkè láàrin oṣù méjìlá, dé ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, oṣù kan náà tí ìjọba kéde pé òun dá sísan ọ̀pọ̀ nínú gbèsè òkèèrè òun dúró. Ìtumọ̀ èyí fún ìdílé tó ń gbé ní Gurugu, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò ìlú Tamale ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè náà, ni pé ọjà tí wọ́n ń rà ní 100 sídì ní ọdún kan ṣáájú ti di nǹkan bíi 154 sídì, bẹ́ẹ̀ sì ni owó oṣù àti èrè orí àtẹ kì í yára gòkè tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ́n gógó náà ti rọlẹ̀ lẹ́yìn tí Àjọ IMF, tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, fọwọ́ sí ètò ẹ̀yáwó bílíọ̀nù 3 dọ́là ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ṣùgbọ́n kí ọ̀wọ́n gógó rọlẹ̀ kò sọ pé ọjà padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ọjà ṣì ń gòkè, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè.

Síbẹ̀, ìdílé tó bá tìtorí èyí pa ìsinmi tì pátápátá ti ṣi ìṣirò, nítorí pé kì í ṣe ìsinmi fúnra rẹ̀ ló wọ́n, bí kò ṣe ohun méjì tó máa ń bá a rìn, ìyẹn jíjìnnà ibi tí wọ́n ń lọ àti ibùsùn tí wọ́n ń sanwó fún ní alaalẹ́. Bí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà bá wọkọ̀ láti Tamale lọ sí Accra, tí ó jìnnà tó nǹkan bíi 600 kìlómítà, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ènìyàn mẹ́fà lè gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n tọ́jú lọ kí ẹnikẹ́ni tó fojú kan òkun, ilé ìtura yóò sì gba ìyókù. Ìṣirò àgọ́ yàtọ̀. Owó àgọ́ jẹ́ owó tí ènìyàn san lẹ́ẹ̀kan fún ohun èlò tí yóò wúlò fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí owó yàrá jẹ́ owó tó ń tán pẹ̀lú òru tí wọ́n fi sùn. Bí a bá fojú bù ú pé àgọ́ ńlá kan pẹ̀lú ẹní àti àtùpà rẹ̀ gba 1,200 sídì, tí ìdílé sì lò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún fún ọdún mẹ́fà, ibùsùn gbogbo ilé fún ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan kò ju 100 sídì lọ, bó ti wù kí òru tí wọ́n sùn níbẹ̀ pọ̀ tó. Ìdílé tí apá rẹ̀ kò ká èyí lè bá ìdílé méjì mìíràn dáwó rà á, kí wọ́n sì máa lò ó ní ìkọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà ni Tamale fi sàn ju ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lọ. Ní Yapei, lójú ọ̀nà Kumasi, Odò Volta Funfun ń kọjá lábẹ́ afárá, ìdílé sì lè dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú, kí wọ́n sì padà ní ọjọ́ kejì. Ní Daboya, tí òun náà wà létí odò yìí, àwọn ahunṣọ ń fi òwú tí wọ́n rẹ láró hun aṣọ fugu tí ìhà àríwá Ghana fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n ibi tó tóbi jù ni ọgbà ẹranko Mole, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1958, tó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1971. Ọgbà yìí lé ní 4,500 kìlómítà níbùú-lóròó, ó sì tóbi ju gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Erin, ìnàkí, ìmàdò àti oríṣiríṣi ẹran oníwo ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì ń jáde wá mumi ní gbangba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá gbẹ nínú igbó. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ jẹ́ erùpẹ̀ pupa fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi da ọ̀dà sí ọ̀nà Fufulso sí Sawla, tó gùn ní 147 kìlómítà, pẹ̀lú owó Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà. Àǹfààní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò mọ sórí ọkọ̀ ẹrù nìkan, nítorí pé ọ̀nà tó dán ń dín wákàtí ìrìn àti epo kù, ó sì ń sọ ibi tó jẹ́ ti àlejò òkèèrè nìkan di ibi tí ọmọ ilé-ìwé Gurugu lè dé.

Ó tún yẹ kí a wo ọwọ́ tí owó náà ń bọ́ sí. Owó tí ìdílé kan ná ní ilé ìtura ńlá lè padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ilé náà, tó ṣeé ṣe kó máa gbé ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n ìdílé tó pàgọ́ ń ra iyán, wàákyé, igi ìdáná àti omi lọ́wọ́ àwọn obìnrin Larabanga, ìlú tó wà lẹ́nu ọ̀nà Mole, níbi tí mọ́sáláṣí alámọ̀ kan wà tí ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà sọ pé ọdún 1421 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní Mognori, abúlé kan létí ọgbà yìí, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àlejò lórí odò. Owó kékeré tó bọ́ sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ yóò tún ra nǹkan lọ́jà kan náà kó tó kúrò ní agbègbè náà.

Bí ènìyàn bá ní àṣà òyìnbó ni sísùn lábẹ́ àgọ́, kí ó rántí ahéré, ilé kékeré inú oko tí àgbẹ̀ Yorùbá àti ìdílé rẹ̀ ń gbé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nígbà iṣẹ́, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ orúkọ ewé àti ẹyẹ. Àwọn Yorùbá tó ṣòwò ní Tamale, tí J. S. Eades kọ ìwé lé lórí ní 1993, wá láti ìlú bíi Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ṣakí, ìrìn-àjò padà sílé sì ni ìsinmi fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀nà yẹn jìn, ó ń gba owó àti ẹ̀bùn púpọ̀, ilé kíkọ́ sì ń gba ìyókù. Ìjọba Ghana lábẹ́ Kofi Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá yìí sì lọ láìtíì gbádùn ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dunni pé èrò kan náà ṣì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ìdílé aláìlówó lónìí, pé ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ibi tí a ti ń sinmi.

Ewu wà tí kò yẹ kí a fojú kéré. Omi ìdídò Bagre ní Burkina Faso, tí wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án nígbà tó bá kún, ń mú kí Odò Volta Funfun kún kọjá bèbè, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pàgọ́ sétí odò náà lásìkò òjò. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin ilẹ̀ gbẹ, àmọ́ igbó ń jó nígbà náà, iná ìdáná sì gbọ́dọ̀ kú pátápátá kí wọ́n tó sùn. Àwọ̀n ẹ̀fọn ṣe pàtàkì ju ẹní lọ, nínú Mole sì rèé, ẹ̀ṣọ́ ọgbà tó gbé ìbọn ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀nà láti kó owó náà jọ ti wà lọ́wọ́. Nínú súsú, tí Yorùbá ń pè ní àjọ, ẹni tó bá ń dá 10 sídì lójúmọ́ yóò gba 290 sídì lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, nítorí pé owó ọjọ́ kan ni alájọ ń mú, oṣù márùn-ún yóò sì fún un ní 1,450 sídì láìyáwó. Ohun tó kù wà lọ́wọ́ ìjọba: kí àwọn alákòóso Mole dá owó kan ṣoṣo lé ìdílé tó bá gbé àgọ́ wá dípò kí wọ́n máa ka orí, kí ìgbìmọ̀ ìlú Tamale sì ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ nítòsí ìlú, tí yóò ní omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti olùṣọ́, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó dé.