Ó Yẹ Kí Agbára Ààrẹ Ní Ààlà

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti òṣèlú, a máa ń gbàgbé rẹ̀. Bí pàṣán bá wà lọ́wọ́ ẹni tiwa, a ó ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, a ó fi igbe ta.

Ẹ jẹ́ kí a wo òfin ìlú-kò-fararọ ní Nàìjíríà. Ní 2004, Ààrẹ Ọbásanjọ́ kéde rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ó ní kí gómìnà lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà, ó sì fi ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì rọ́pò rẹ̀. Ẹgbẹ́ PDP ló ń ṣèjọba nígbà náà. Ní 2013, Ààrẹ Jonathan kéde rẹ̀ ní Borno, Yobe àti Adamawa, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan gómìnà kankan. Síbẹ̀, Bọ́lá Tinúbú, tó jẹ́ aṣáájú láàárín àwọn alátakò, bẹnu àtẹ́ lù ú. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2025, Tinúbú kan náà, tó ti di Ààrẹ, kéde rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ó sì dá gómìnà, igbákejì rẹ̀ àti gbogbo ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà dúró fún oṣù mẹ́fà. Ó wá kan PDP láti máa ké pé wọ́n ti tẹ òfin lójú!

Èmi kò sọ pé ìlú tòrò ní Rivers. Gómìnà àti àwọn aṣòfin ti ń jà láti 2023. Ìjọba ìpínlẹ̀ tilẹ̀ wó ilé ìgbìmọ̀ lulẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 305 nínú ìwé òfin 1999, tó fún Ààrẹ ní agbára láti kéde, kò dárúkọ gómìnà pé kí a dá a dúró. Abala 11 sì sọ gbangba pé àwọn aṣòfin àpapọ̀ pàápàá kò lè tipasẹ̀ rẹ̀ yọ gómìnà. Àwọn kan ní dídá dúró kì í ṣe yíyọ. Ẹni tí a bá tì mọ́ ìta ilé ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ni kí wọ́n lọ sọ ìyẹn fún.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìbò. Òfin ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin fọwọ́ sí ìkéde náà, èyí ni 73 nínú 109 ní ilé àgbà, àti 240 nínú 360 ní ilé kejì. Igbe ẹnu ni wọ́n fi dìbò ní Àbújá. Etí ta ni ó lè ka ohùn 240?

Ní oṣù kejìlá 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ da ẹjọ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ kan tí PDP ń ṣàkóso pè nù. Nítorí náà, ọwọ́ àwọn aṣòfin ni ààlà náà wà báyìí. Kí wọ́n máa pe orúkọ aṣòfin kọ̀ọ̀kan, kí ó dìde, kí ó sọ ibi tó dúró sí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tó dìbò yàn án lè kà á fún un nígbà tí ẹgbẹ́ mìíràn bá gba ìjọba.