Èèwọ̀ Awakọ̀ Akẹ́rù Kì Í Ṣe ti Awakọ̀ Nìkan



Nínú àwa tí a ń bọ òrìṣà ní Barking àti Dagenham, àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ọkọ̀ àjàgbé ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ. Ọ̀nà A13 ni ó la àdúgbò wa kọjá, ọgbà ìkẹ́rùsí sì wà láti River Road títí dé Dagenham Dock. Ẹni tí ó ń wakọ̀ níbẹ̀, inú irin ni ó jókòó sí, Ògún ni ó ń bá rìn. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé òfin ibi iṣẹ́ nípa fóònù àti ẹ̀rọ atọ́nà, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní sat nav, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ lásán. Ọ̀rọ̀ èèwọ̀ ni.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2003 ni òfin ìlú yìí ti ka fóònù léèwọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń wakọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, wọ́n sọ ìjìyà rẹ̀ di pọ́ìntì 6 àti £200. Síbẹ̀, àwọn kan rí ihò nínú òfin náà: wọ́n ní àwọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, fídíò ni àwọn ń ká. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 2022 ni wọ́n dí ihò yẹn. Nísinsìnyí, bí ẹ̀rọ náà bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, yálà máàpù ni o ń wò tàbí orin ni o ń yí padà, o ti jẹ̀bi, ìbáà ṣe pé iná pupa ni ó dá ọ dúró. Bí ọ̀ràn bá dé ilé ẹjọ́, owó ìtanràn awakọ̀ akẹ́rù lè tó £2,500. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tí ó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, pọ́ìntì 6 yẹn nìkan tó láti gba ìwé náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé owó ni ìjọba ń wá, kí ó rántí ọ̀nà A34 ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016. Awakọ̀ akẹ́rù kan ń wá orin lórí fóònù rẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára ọkọ̀ kọlu àwọn ọkọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀. Ìyá kan àti ọmọ mẹ́ta ni ó kú. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni wọ́n dá fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ ti gba èèwọ̀ tiyín: oúnjẹ tí ẹ kò gbọdọ̀ jẹ, aṣọ tí ẹ kò gbọdọ̀ wọ̀. Ojú kan náà ni kí ẹ fi wo ti ojú ọ̀nà. A ń rí ọkọ̀ tí wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ àti màrìwò kọ́ iwájú rẹ̀, tí ẹni tí ó wà nídìí sítíárìn sì di fóònù mú. Ẹbọ kò lè gbapò èèwọ̀. (Màrìwò tí ó bo gíláàsì pàápàá, mi ò mọ ẹni tí ó ń gbè.) Ògún tí a ń bẹ̀ kí a má rí ẹ̀jẹ̀ lójú pópó, òun náà ni ó kórìíra irọ́, irin ni oníṣẹ̀ṣe fi ń búra ní ilé ẹjọ́ nílé.

Ẹ̀rọ atọ́nà fúnra rẹ̀ kò burú, bí ó bá ti dúró sórí ohun tí ó gbé e, tí kò sì dí ojú lọ́wọ́. Ohun tí ó burú ni kí a fi ti ọkọ̀ kékeré tọ́ ọkọ̀ àjàgbé sọ́nà. Kò mọ gíga, kò mọ ìwúwo. Yóò ní kí ẹni tí ó ń ti Greenwich bọ̀ gba ọ̀nà abẹ́ odò ní Blackwall, láì bìkítà pé ihò tí ó wá sí àríwá, tí wọ́n ti ṣí láti 1897 nígbà tí ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́, kò gba ohun tí ó ga ju mítà 4 lọ. Lọ́dọọdún, ó ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ tí ọkọ̀ ń forí sọ afárá reluwé ní ilẹ̀ yìí. Oríta sì ni ilé Èṣù: kò yẹ kí ènìyàn dé ibẹ̀ kí ó tó máa tẹ àdírẹ́ẹ̀sì. Inú ọgbà ilé iṣẹ́, kí ẹ́ńjìnnì tó dún, ni a ti ń tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú gíga ọkọ̀ àti ìwúwo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyẹn nìkan ni mo ṣe kọ̀wé. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń lẹ òfin mọ́ ògiri pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù. Ẹni tí ó ń pín iṣẹ́ lábẹ́ ògiri yẹn kan náà yóò pe awakọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dé Thurrock: níbo lo dé, kí ló dá ọ dúró? Àdírẹ́ẹ̀sì yóò yí padà lórí ẹ̀rọ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí eré, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ pé òun ti rí i. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, ìwé ẹ̀sùn ń bọ̀. Bí olúwo bá ka ẹ̀wà léèwọ̀ fún ọmọ awo, tí ó sì ń gbé àwo ẹ̀wà síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, ta ni ó jẹ̀bi?

Òfin ti dáhùn. Òfin 2003 yẹn sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú kí ẹlòmíràn máa wakọ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ gbà á láàyè láti ṣe é. Òfin ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ti ọdún 1974 náà di ẹrù lé ọ̀gá lórí, ó di tirẹ̀ lé òṣìṣẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀gá tí ó ń wo ọkọ̀ rẹ̀ lórí máàpù mọ̀ bóyá ó ń rìn tàbí ó dúró. Kí ó pè é nígbà tí ó bá dúró. Òfin ti pàṣẹ ìsinmi ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn ìwakọ̀ wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Kò sí iṣẹ́ tí a rán sí awakọ̀ tí kò lè dúró de ìgbà yẹn, tàbí kí awakọ̀ yà sí ibi tí ó yẹ láti kà á.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ sí ọjọ́, tí a lè dá dúró lọ́la láìsí àlàyé. Lẹ́tà ẹnì kan rọrùn láti sọ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Ní Dagenham yìí ni àwọn obìnrin tí ń rán aṣọ ìjókòó ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ Ford ti da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1968 nítorí owó wọn, ohun tí wọ́n ṣe sì wà lára ohun tí ó bí òfin owó ọgbọọgba ti ọdún 1970. Wọn kò lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ògún tí ń bọ̀, kí àwọn awakọ̀ inú wa mú ìwé òfin ibi iṣẹ́ wọn wá lẹ́yìn ìbọ. A ó kà á pa pọ̀. Èyí tí kò bá sọ ohun tí ẹni tí ó ń pín iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe, a ó jọ kọ lẹ́tà lé e lórí, kí ẹni tí ó bá ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì mú un lọ fún aṣojú rẹ̀.