IMOUDU KÌ Í ṢE ORÚKỌ ILÉ LÁSÁN



Ènìyàn mọ́kànlá péré ló wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan wí ní ọ́fíìsì wa ní GRA níbí, mo ní kó fi ti Imoudu ṣe àríkọ́gbọ́n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Imoudu wo? Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní Ìlọrin yìí?"

Ènìyàn ni o! Ọmọ Ora ni Michael Imoudu, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní. 1902 ni wọ́n bí i. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Nígbà ogun Hitler, ọjà gbówó lórí, owó iṣẹ́ dúró sójú kan. Ní 1941, ó ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè láti Èbúté Mẹ́ta, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ bá Gómìnà. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ Amsterdam ní ilẹ̀ Hólándì daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ìjọba Hitler ń kó àwọn Júù tó jẹ́ aládùúgbò wọn. Willem Kraan, òṣìṣẹ́ ojú títì, wà lára àwọn tó pè wọ́n jáde. Àwọn Jámánì yìnbọn pa á ní 1942.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní nítorí òmìnira làwọn ṣe ń bá Hitler jà. Ṣùgbọ́n ní 1943, àwọn náà lé Imoudu kúrò níṣẹ́, wọ́n sì fi í sí àhámọ́ títí di 1945.

Ó padà sí Èkó ní June 1945. Oṣù náà kò tí ì parí tí ìyanṣẹ́lódì gbogboogbò fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn aṣáájú kan fẹ́ sún un síwájú, òṣìṣẹ́ kọ̀. Àwọn tó lé ní 30,000 pa iṣẹ́ tì fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Ṣé ebi kò pa àwọn náà ni? Ṣé wọn kò ní ọmọ nílé? Níkẹyìn, ìgbìmọ̀ Tudor Davies ní kí ìjọba fi ìdá 50 nínú 100 kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà.

Imoudu kú ní 2005, ó ti lé ní 100 ọdún. Ìwọ tí ò ń gba àfikún owó tí o kì í wá sípàdé, òógùn ta lò ń jẹ? Àwa olóyè ẹgbẹ́ náà ńkọ́? Ẹni tó bá ń yọ́ wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ gba àpòòwé, kó má dárúkọ Imoudu lẹ́nu mọ́!

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹ wá sípàdé. Ìṣọ̀kan ni agbára wa!