Ẹ má pe akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ya àwòrán ní aláìríṣẹ́ ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń báni rí teni. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí máa ń yé akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà lọ́jọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ ní kó gbé dígí síwájú, kó mú pẹ́ńsù, kó sì ya ojú ara rẹ̀ sórí bébà. Lójú rẹ̀, kò sí iṣẹ́ tó rọrùn tó èyí. Ta ló tún lè mọ ojú òun ju òun fúnra òun lọ? Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ọwọ́ fi máa ń fi hàn án pé ojú tó ń rù kiri láti kékeré, kò tíì wò ó rí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún ń dúró dè é nílé. Àwọn òbí á ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ìmọ̀ òfin, wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, òun wá jókòó ti dígí bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Bó bá tiẹ̀ ya ojú bàbá rẹ̀ tó sì jọ bàbá, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ọjọ́ tó bá gbé àwòrán wálé tí kò ní ojú, tí kò ní imú, tó jẹ́ pé ilà àti àwọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀, ọjọ́ náà ni ìjà máa ń dé. Wọ́n á bi í bóyá ewúrẹ́ ló fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀dà kọjá lórí aṣọ náà. Wọ́n á ní owó ilé ìwé ti wọ omi.

Ẹ̀yin òbí tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi yín kò pọ̀. Owó ilé ìwé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ká lẹ́bàá odò, ẹni tó sì tajà tàbí tó ta kòkó kó tó rí i san ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tó fi rà. Ṣùgbọ́n kí a tó pe iṣẹ́ kan ní ìranù, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí àwòrán ara-ẹni ń kọ́ ọmọ ni pé ojú máa ń purọ́. Ẹ ní kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ya orí ènìyàn, òkè téńté ni yóò gbé ẹyinjú sí, bí ẹni pé ènìyàn kò ní iwájú orí. Ẹ wá fi okùn wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé àgbọ̀n, ẹ ó rí i pé àárín gbùngbùn ni ẹyinjú wà. Ènìyàn lè fi ọgbọ̀n ọdún wo dígí láràárọ̀ kó má mọ èyí. Dígí pàápàá ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bu ìbàmú fún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, tó sì ya ara rẹ̀ láti inú dígí, ẹni tó bá wo àwòrán náà yóò rò pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni ilà náà wà. Ọmọ tó bá ti kọ́ pé ohun tí òun rò pé òun ń rí yàtọ̀ sí ohun tó wà níbẹ̀, ọmọ náà ti kọ́ ohun tó lè wúlò fún un nínú iṣẹ́ yòówù.

Ìdí kejì tí wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ojú ara ẹni kì í gba owó. Vincent van Gogh, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tí òkìkí rẹ̀ kàn kárí ayé lẹ́yìn ikú rẹ̀, ya ara rẹ̀ ní ìgbà tó lé ní 35. Ìlú Paris ló ti ya èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, láàárín ọdún 1886 sí 1888, nítorí pé kò ní owó tí yóò fi bẹ ẹlòmíràn pé kó wá jókòó fún òun. Rembrandt, ará ìlú rẹ̀ tó ti gbáyé ṣáájú rẹ̀, ń ya ara rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ títí di ọdún 1669 tó kú. Ẹni tó bá to àwọn àwòrán náà tẹ̀ léra wọn yóò rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ayé ń yẹ, yóò rí ọkùnrin tó wọ gbèsè ní ọdún 1656, yóò sì rí arúgbó tí ojú rẹ̀ ti hunjọ, tí kò sì fi ìkankan pamọ́. Ènìyàn tó lè wo ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìpọ́n ara rẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa, ojú àgbàlagbà kì í ṣe bébà òfìfo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jókòó síwájú bàbá tàbí ìyá àgbà rẹ̀ láti yà á, ẹlòmíràn ti yà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Olóòlà ni ẹni náà. Àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́: ilà kọ̀ọ̀kan ń sọ ìdílé àti ìlú tí ènìyàn ti wá, láìjẹ́ pé ẹnì kan ya ilé tàbí ya orúkọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ti ka bíbu ilà fún ọmọdé léèwọ̀, ojú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òde òní sì mọ́lẹ̀ kedere. Kò burú. Ṣùgbọ́n ilà tó ń lọ yìí gan-an ni ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn tó ń sọ pé ohun tí kò jọ nǹkan kò lè sọ nǹkan.

Ẹni tó bá ka gírámà Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ yóò rántí ọ̀rọ̀ orúkọ afòyemọ̀. Àga àti ìkòkò ṣeé fọwọ́ kàn. Ìfẹ́, ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ kò ṣeé fọwọ́ kàn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán afòyemọ̀ ṣe rí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ya ojú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ni yóò wò. Bó bá fẹ́ ya ìbànújẹ́ tó wọlé wọn lọ́jọ́ tí ìyá kú ńkọ́, kí ni yóò wò? Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọdé lónìí lè ya ojú ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò sì jọ ọ́ ju ti ayàwòrán lọ. Kò tíì sí fóònù tó ń ya ìbànújẹ́.

Ọ̀pọ̀ ń sọ pé ọ̀nà òyìnbó ni àwòrán bẹ́ẹ̀, pé àwọn baba wa kò mọ̀ ọ́n. Irọ́ gbáà ni. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kan àwọn orí onídẹ tó jọ ènìyàn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, ilà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sì kún ojú òmíràn nínú wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, ti rí irú iṣẹ́ Ifẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì gbà pé aláwọ̀ dúdú ló ṣe é. Ó ní àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ló dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Abiri, nítòsí Ilé-Ifẹ̀ kan náà, orí alámọ̀ tó jọ ènìyàn dáadáa àti orí alámọ̀ ṣóńṣó, tí ojú àti ẹnu rẹ̀ kò ju ihò lásán lọ, ni wọ́n bá papọ̀ lójú kan náà. Àwọn baba wa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun tó jọ ènìyàn. Nígbà tí wọ́n bá ṣe èyí tí kò jọ ọ́, wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni.

Ẹ wo ère ìbejì. Ìbejì tó kú lọ́mọ ọwọ́, àgbàlagbà ni agbẹ́gilére máa ń gbẹ́ ẹ sí, orí rẹ̀ a sì máa tó ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbogbo gíga rẹ̀. Kò sí ọmọ tó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá mọ ohun tí orí jẹ́ lọ́dọ̀ Yorùbá mọ ìdí tí wọ́n fi gbé e tóbi. Ẹ wo egúngún. Baba ló bọ̀ wá sílé, ọmọ ń kúnlẹ̀ kí i, síbẹ̀ kò sí ojú baba níbẹ̀, aṣọ ni.

Ẹ tún wo àrokò. Wọ́n fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, ó mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń fà sí òun. Mẹ́jọ ni wọ́n fi ránṣẹ́, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Bí ẹyọ méjì bá kojú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Àwọn ìyá tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró náà mọ̀ ọ́n. Nínú àdìrẹ Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí ni wọ́n fi kọ orúkọ ìlú kan sára aṣọ. Kò sí ìyá tó bèèrè pé níbo ni ojú rẹ̀ wà. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni àwòrán afòyemọ̀. Àwọn òyìnbó pàápàá rí i kọ́ lára wa, nítorí pé lẹ́yìn tí Pablo Picasso rí àwọn ìbòjú ilẹ̀ Áfíríkà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Paris ní 1907, ọwọ́ rẹ̀ yí padà.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tẹ́ńbẹ́lú àwòrán tó jọ ènìyàn. Olóyè Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, jagun nítorí rẹ̀. Ní àsìkò tí òyìnbó ń sọ pé dúdú kò lè ya ènìyàn kó jọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀, ó sì ti ya Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906 kó tó di pé ó lọ sí London àti Paris láti lọ kàwé sí i. Òun ló ja ìjà kí wọ́n máa kọ́ iṣẹ́ ọnà nílé ìwé. Nígbà tí Kenneth Murray, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, wá ṣe olùkọ́ ní 1927, ó ní kí àwọn ọmọ máa ya ohun tó wà lábúlé wọn, kí wọ́n má gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ baba wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò bára mu, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní òótọ́ tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Zaria tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1958, tí Yusuf Grillo, Bruce Onobrakpeya, Uche Okeke àti Demas Nwoko wà lára wọn, ló ní kí wọ́n mú èyí tó dára nínú méjèèjì. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n nígbà náà. Ohun tí ọmọ ilé ìwé rò ló wá di ọ̀nà tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń tọ̀.

Ẹ̀sùn kan wà tí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ tì. Àwọn kan ń fara pamọ́ sẹ́yìn àwòrán afòyemọ̀ nítorí pé wọn kò mọ àwòrán yà. Wọ́n á da ọ̀dà sórí aṣọ, wọ́n á ní ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ jinlẹ̀ ju òye ará oko lọ. Ẹ̀tàn ni, ó sì ń ba àwọn tó mọṣẹ́ lórúkọ jẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí olùkọ́ kankan jẹ́ kí ọmọ fo àwòrán ara-ẹni. Onílù tó bá fẹ́ dá orin tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èyí tí wọ́n ń lù tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ya ojú ara rẹ̀ lógún ìgbà, tó wá ní òun fẹ́ yọ imú kúrò, ẹ bi í léèrè ìdí. Bó bá ní ìdí, ẹ fetí sí i. Bí kò bá ní, ẹ dá a padà sídìí dígí.

Ní ti owó, kí a má tan ara wa. Àwòrán Tútù tí Ben Enwonwu ya ní 1974, ti Adétutù ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀, wọ́n tún un rí nínú ilé kan ní London, wọ́n sì tà á ní 2018 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n Enwonwu ti kú láti 1994. Kì í ṣe gbogbo ayàwòrán ni yóò lówó, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe gbogbo lọ́yà ló ń jẹun yó. Ohun tí ọmọ nílò ni pé kó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ yanjú, kí ilé má sì fi ẹ̀gàn pa ọwọ́ rẹ̀.

Ìjọba àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní ojúṣe tiwọn. Ilé ìwé gírámà tí kò ní olùkọ́ iṣẹ́ ọnà pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni bébà àti ọ̀dà kò wọ́n tó kí ìjọba má lè rà wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tó kan àwọn àgbà kò gba kọ́bọ̀. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ ya yín, ẹ jókòó fún un. Ẹ sọ orúkọ ilà ojú yín fún un, àti orúkọ ọnà tó wà lára aṣọ àdìrẹ tó wà nísàlẹ̀ àpótí, nítorí pé bí ẹ bá gbé e lọ, kò sí ìwé tí yóò ti rí gbogbo rẹ̀ kà. Ọwọ́ wà lára ọmọ, ìmọ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.